Sìgá, ebi àti ọ̀rá ikùn: kí ni níkótíìnì ń ṣe lórí ọpọlọ gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) báyìí. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọge tó ń fa ṣíṣà ní bùfẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ilé ọtí, lálẹ́ Sátidé, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọ́jú vape, sìgá oníbátìrì, sínú báàgì, pé nǹkan yìí kì í jẹ́ kéèyàn sanra, pé ṣe ló ń fa ikùn wọlé. Tẹ́ ẹ bá wá dé ibi táwọn oní-zẹ́m, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ti ń dúró de èrò ní Wàńdó, ọ̀rọ̀ sísanra ò sí lẹ́nu tiwọn, ohun tí wọ́n á sọ fún yín ni pé sìgá ẹyọ kan ti tó lé ebi ọ̀sán, kéèyàn máa gbé èrò lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú kó tó délé jẹun.

Kí n sòótọ́, irọ́ kọ́ làwọn méjèèjì ń pa. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le, torí àwọn tó ń kìlọ̀ sìgá fún wa, látorí dókítà dórí pásítọ̀ àti àfáà, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ara pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí wọ́n á fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí, ẹni tó sì ti fojú ara ẹ̀ rí i pé oúnjẹ ò wu òun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ látìgbà tóun ti ń fa á, á kàn máa wò wọ́n pé àwọn wọ̀nyí ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ nígbà náà. Èrò tèmi, kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni pé níkótíìnì, kẹ́míkà inú tábà tó ń di bárakú síni lára, máa ń dín kílò kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó yẹ kó kúrò lára kọ́ ló ń mú lọ, ẹni tó bá torí ìbàdí ra á, wọ́n gbé ọjà mìíràn fún un.

Àwọn ilé iṣẹ́ sìgá mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, kí sáyẹ́ǹsì tó mọ ìdí ẹ̀ rárá. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1928 sí 1929, àwọn tó ń ṣe Lucky Strike ń polówó fáwọn obìnrin pé dípò kí wọ́n nawọ́ mú nǹkan dídùn, kí wọ́n mú Lucky, ìpolówó náà sì mú ọjà tà débi pé inú bí àwọn tó ń ṣe súwíìtì, wọ́n gbéjà kò wọ́n. Lọ́dún 1968 ni Virginia Slims jáde, sìgá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fáwọn obìnrin, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wọṣọ olówó ńlá ló sì máa ń wà lára ìpolówó ẹ̀. Vape olóòórùn máńgòrò àti tútì-fúrútì tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọ wa lónìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, èéfín ẹ̀ nìkan ló fúyẹ́.

Ó dáa, ká wá wọ inú orí lọ. Téèyàn bá fa èéfín sínú, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, níkótíìnì ti dé ọpọlọ, ó gba inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbé e gòkè. Kẹ́míkà kan wà tí ara wa fúnra ẹ̀ ń ṣe, acetylcholine lorúkọ ẹ̀, òun wà lára ohun táwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Níkótíìnì jọ ọ́ débi pé ó lè lọ jókòó sáyè ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ìránṣẹ́ tiwọn ló dé. Ojúkò tó lè jókòó sí wá pọ̀ káàkiri ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo á là wá lójú, á mú ìbínú rọlẹ̀, á jẹ́ kí inú dùn díẹ̀, á sì tún lé ebi lọ.

Ti ebi yẹn ni ká dúró lé. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbì kan tó kéré gan-an tí wọ́n ń pè ní hypothalamus, ibẹ̀ lara ti ń ṣọ́ òùngbẹ, oorun, bí ara ṣe gbóná tó, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣírò bóyá ohun téèyàn ti jẹ tó tàbí kò tó. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀, ọ̀kan ń pariwo pé ká wá nǹkan jẹ, èkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní POMC, ń sọ pé ó ti tó, ẹ fọwọ́ sọ oúnjẹ kalẹ̀. Nígbà tí ara bá wà bó ṣe yẹ, oúnjẹ tó dénú àti ọ̀rá tó wà nípamọ́ ló ń sọ èyí tó máa borí.

Lọ́dún 2011, Yann Mineur, Marina Picciotto àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì Yale gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science tó jẹ́ ká mọ ibi tí níkótíìnì ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yẹn ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi ni wọ́n ń wá kiri rárá, Mineur ń dán oògùn kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi níkótíìnì wò lára èkúté nítorí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ló bá kíyè sí i pé àwọn èkúté tó gba oògùn ò jẹun tó àwọn yòókù. Wọ́n tọpa ẹ̀ títí, wọ́n wá rí i pé sẹ́ẹ̀lì POMC yẹn ni níkótíìnì ń jí dìde, láti ojúkò kan tí wọ́n ń pè ní α3β4. Nígbà tí wọ́n wá ba ojúkò náà jẹ́ nínú hypothalamus àwọn èkúté kan, tí wọ́n tún fún wọn ní níkótíìnì, kò lè dá wọn lọ́wọ́ oúnjẹ mọ́. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni nìyẹn.

Ẹ ò rí i pé kò sóhun tó wọnú o. Ọpọlọ ń gbọ́ pé a ti yó, ikùn sì ṣófo, bíi kí ọlọ́jà fi ìka tẹ òṣùwọ̀n kó máa sọ pé gàrí ti pé. Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, níkótíìnì ni ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ tipátipá. Ó tún ní ẹ̀tàn kejì: ó ń mú kí ara tú ádúrẹ́nálíìnì jáde, ádúrẹ́nálíìnì á sì máa fa súgà àti ọ̀rá láti ibi tí wọ́n wà nípamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni oní-zẹ́m tí ò tíì jẹun láti àárọ̀ ṣe lè fa sìgá kan kára ẹ̀ sì tún yá gágá láti gbé èrò méjì míì lọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn, nítorí láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì níkótíìnì inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ, ebi á padà, ìbínú á bá a wá, ló bá tún di sìgá mìíràn. Ẹni tó bá ti ń bá irú wọn rìn ní ìrọ̀lẹ́ á mọ ohun tí mò ń sọ, títì kún, ojú ti ń ṣú wọn, oúnjẹ ò sí nínú.

Ebi nìkan kọ́ o. Níkótíìnì tún ń jẹ́ kí ara jó epo ju bó ṣe yẹ lọ téèyàn bá tiẹ̀ jókòó sójú kan. Lọ́dún 1986, àwọn dókítà kan ní Switzerland fi àwọn tó ń fa sìgá sínú yàrá tí wọ́n ti lè wọn gbogbo agbára tí ara ń lò láàárín wákàtí 24, ọjọ́ kan wọ́n ní kí wọ́n fa sìgá 24, ọjọ́ mìíràn wọn ò jẹ́ kí wọ́n fa ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa á, ara wọn lo nǹkan bíi kalorí 2,445, lọ́jọ́ tí wọn ò fa á, 2,230. Ìyàtọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10 nínú 100 nìyẹn, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ kankan, ọkàn wọn tó ń sáré àti iṣan ara tí kò sinmi ló gbà á.

Àwọn ará Sípéènì, ẹgbẹ́ Miguel López ní yunifásítì Santiago de Compostela, ló wá fi hàn lọ́dún 2012 pé láti hypothalamus yẹn náà ni àṣẹ ti ń wá. Ọ̀rá oríṣi méjì ló wà lára wa, ọ̀rá funfun tó ń tọ́jú agbára pamọ́, òun la máa ń dì mú níkùn tá a bá jókòó, àti ọ̀rá kan tó pọ́n rúsúrúsú tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ láti jó kí ara lè móoru, òun ló pọ̀ lára ọmọ tuntun. Nínú àwọn eku tí wọ́n fún ní níkótíìnì, AMPK, ohun kan nínú hypothalamus tó máa ń wọn agbára, rẹlẹ̀, ọpọlọ bá ránṣẹ́ gba ojú iṣan sí ọ̀rá pípọ́n yẹn pé kó máa jó. Lọ́dún 2019 wọ́n tún fi kún un pé ó lè mú kí ọ̀rá funfun gan-an bẹ̀rẹ̀ sí hùwà bíi pípọ́n. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé eku nìyẹn, àgbàlagbà èèyàn ò ní ọ̀rá pípọ́n tó pọ̀ lára, torí náà ohun tó ń ṣe lára eku lè máà rí bẹ́ẹ̀ lára wa ní déédéé.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò. Tó bá jẹ́ pé a ti mọ ojúkò tó ń lé ebi lọ, ṣé wọn ò lè fi ṣe oògùn ni, láìsí èéfín láìsí jẹjẹrẹ, nígbà tí gbogbo ayé ń ra abẹ́rẹ́ tó ń mú ara fọn lówó gọbọi yìí? Wọ́n ti rò ó. Ohun tó tiẹ̀ jẹ́ kó wu wọ́n ni pé α3β4 tó ń mú ebi kúrò kì í ṣe ojúkò kan náà pẹ̀lú α4β2, èyí tó wà nídìí dópámíìnì, kẹ́míkà ìgbádùn inú ọpọlọ tó ń sọ èèyàn di ẹrú sìgá, ó yẹ kéèyàn lè mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé α3β4 kún inú iṣan tó ń darí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nítorí ebi, ọkàn náà á gbọ́. Títí di báyìí, kò sí oògùn tó ń dín sísanra kù tí wọ́n fọwọ́ sí tó gba ọ̀nà yẹn.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ló kàn yìí, òun làwọn ọmọge wa ò sì gbọ́. Lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá kó àwọn tó ń fa sìgá jọ tẹ́ ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, lápapọ̀ wọ́n fúyẹ́ ju àwọn tí kì í fa á lọ ní bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Àmọ́ ẹ fi okùn wọn ikùn wọn. Tẹ́ ẹ bá mú èèyàn méjì tí kílò wọn dọ́gba, èyí tó ń fa sìgá ni ikùn ẹ̀ sábà máa ń tóbi jù tá a bá fi wé ìbàdí ẹ̀, ọ̀rá ẹ̀ ò sí ní apá àti ìdí, inú ikùn ló lọ lúgọ sí, yípo ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Irú ọ̀rá yẹn ló burú jù, a ò rí i níta ṣùgbọ́n òun ló ń mú àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn wá. Lọ́dún 2024, àwọn oníwàádìí yunifásítì Copenhagen lo àbùdá téèyàn jogún lọ́dọ̀ òbí (DNA) láti mọ̀ bóyá ó kàn ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ ni àbí sìgá ló fà á, wọ́n ní ó jọ pé sìgá gan-an ló ń dá ọ̀rá síkùn, pàápàá èyí tó wà jinlẹ̀ nínú ikùn. Wọ́n tún ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn tó ń fa páàkì tó pọ̀ lójúmọ́ sábà máa ń tẹ̀wọ̀n ju àwọn tó ń fa díẹ̀ lọ, torí náà ẹni tó bá rò pé bóun bá ṣe ń fa á sí i lòun á máa tín sí i, bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àtọ̀gbẹ wá ńkọ́? Ewu àtọ̀gbẹ oríṣi kejì fi ìdá 30 sí 40 nínú 100 ga lára àwọn tó ń fa sìgá ju àwọn tí kì í fa á lọ, àwọn tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú wọn ò yọ sílẹ̀. Ọpọlọ náà ló tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2019, Paul Kenny àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Mount Sinai ní New York kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Nature pé ibì kékeré kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ habenula, tó jẹ́ pé òun ló máa ń sọ fún èèyàn pé níkótíìnì yìí ti pọ̀ jù, ní okùn tó so ó mọ́ pancreas, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì. Nínú àwọn eku tí wọ́n lò, bí níkótíìnì bá ṣe ń ru habenula sókè, bẹ́ẹ̀ ni súgà ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ebi lọ, súgà gòkè, ọ̀rá kó sínú ikùn, òun náà ni wọ́n ń pè ní ara pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní bùfẹ́ẹ̀tì.

Ó yá, ká wá sọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ fi í sílẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà. Nílùú wa ìbẹ̀rù yẹn ò rí bíi ti òyìnbó, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Ní Kétu tàbí Ṣábẹ, tí ọkùnrin kan bá fi sìgá sílẹ̀ tó wá sanra díẹ̀, àwọn èèyàn á kí i kú oríire, wọ́n á ní ayé ń tù ú, ìyàwó ẹ̀ á gba oríyìn pé ó ń fún un lóúnjẹ. Àwọn ọmọge ìgboro ni kílò kan ń dẹ́rù bà, àwọn tí fóònù ń kọ́ pé ikùn gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Fún ẹni tó ń bẹ̀rù yẹn, iye tó wà níbẹ̀ rèé. Wọ́n kó ìwádìí tó pọ̀ jọ sójú kan nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2012, wọ́n wo àwọn tó fi sìgá sílẹ̀ láìlo oògùn kankan: lẹ́yìn oṣù kan wọ́n ti fi bíi kílò 1.1 kún un, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta 2.9, lẹ́yìn ọdún kan 4.7. Ẹ wò ó dáadáa, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló kó èyí tó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ó ń rọ̀. Gbogbo wọn kọ́ sì ni, nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 ni kílò wọn tiẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 13 nínú 100 ló fi ju kílò 10 kún un.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòro mọ́ lẹ́yìn gbogbo àlàyé tá a ti ṣe: ìka ti kúrò lórí òṣùwọ̀n, ebi tó jẹ́ tiwọn látìbẹ̀rẹ̀ padà sílé, ara ò jó epo àjójù mọ́, imú àti ahọ́n tó ti kú sì jí, ọbẹ̀ tún ń ta sánsán. Ọpọlọ tó ń wá dópámíìnì kiri náà á ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan dídùn, ni wọ́n bá ń mu ẹlẹ́rìndòdò, ni wọ́n bá ń jẹ búrẹ́dì àti bọ́ńbọ́ láàárín oúnjẹ. Ṣé sísanra yẹn wá ba èrè fífi sìgá sílẹ̀ jẹ́? Wọ́n wò ó láàárín àwọn èèyàn tó ju 160,000 lọ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2018. Àwọn tó sanra lẹ́yìn tí wọ́n fi í sílẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ wọn gòkè fúngbà díẹ̀ lóòótọ́, ó ga jù ní nǹkan bí ọdún karùn-ún sí ìkeje, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Ikú wá ńkọ́? Yálà wọ́n sanra o, yálà wọn ò sanra o, ikú wọn kéré sí tàwọn tó ṣì ń fa á.

Ẹni tó bá ní òun ò fa sìgá, ṣíṣà lòun ń fa, omi ń fọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, omi kì í fọ májèlé. Wákàtí kan nídìí ṣíṣà, èéfín tó ń wọlé lè ju ti sìgá ẹyọ kan lọ ní ìlọ́po 100, níkótíìnì sì wà nínú ẹ̀ bó ṣe wà nínú vape. Òfin tábà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe lọ́dún 2017 ka fífa á níbi tí gbogbo èèyàn ń pé jọ sí léèwọ̀, ẹ sì mọ bó ṣe rí ní bùfẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìyá àgbà wa tó ń fi aṣáà sábẹ́ ètè tàbí tó ń fín in símú náà ò yọ sílẹ̀, kánún tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn ló ń jẹ́ kí níkótíìnì já gaara kó sì yára wọ ara, kì í sáré bíi ti èéfín ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lára. Alábòyún ni mo máa fẹ́ kó gbọ́ èyí jù, torí níkótíìnì ń gba inú ibi ọmọ kọjá. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń fa sìgá sábà máa ń fi nǹkan bíi gírámù 200 fúyẹ́ ju àwọn ọmọ yòókù lọ nígbà tí wọ́n bá bí i, tó bá wá dàgbà díẹ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló tún máa ń tètè sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

Fún oní-zẹ́m àti ọmọge tó bá fẹ́ dáwọ́ dúró, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ múra dè. Gọ́ọ̀mù tàbí bébà oníníkótíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mára máa ń dá sísanra náà dúró díẹ̀ ní gbogbo àsìkò téèyàn bá ń lò ó, kì í ṣe títí láé, àmọ́ ó ń fún èèyàn láyè láti kọ́ bó ṣe máa jẹun láìfa nǹkan kan. Ọmọge, rìn kí o má gun ọ̀kadà dé gbogbo ibi, kí ẹlẹ́rìndòdò sì kúrò lọ́wọ́. Ẹ̀yin oní-zẹ́m, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ta àkàsá pẹ̀lú ẹja lágogo méjìlá ọ̀sán kẹ́ ẹ jókòó jẹ ẹ́, owó sìgá tẹ́ ẹ ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ láti àárọ̀ á gbé e, èrò tẹ́ ẹ bá pàdánù láàárín ìdajì wákàtí yẹn ò ní tó nǹkan.